Àrà Tí Ilé-iṣẹ́ Ń Dá Nítorí Ìpolówó, àti Ẹni Tí Ewu Rẹ̀ Ń Já Lé Lórí

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2021, ìwé ìkéde kan yọ lórí ìkànnì ẹ̀ka Volkswagen tó wà ní Amẹ́ríkà. Ó ní ẹ̀ka náà fẹ́ yí orúkọ padà sí "Voltswagen" nítorí ọkọ̀ oníná mànàmáná tó ń gbé wọ ọjà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n àwọn akọ̀ròyìn ti rí i. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì béèrè tààrà: ṣé òótọ́ ni, àbí ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin? Wọ́n dá wọn lóhùn pé òótọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ìkéde náà jáde ní gbangba. Owó ìpín ìdókòòwò ilé-iṣẹ́ náà gòkè lọ́jà lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ọjọ́ náà tó parí, wọ́n jẹ́wọ́ pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Àwọn kan ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni, kí ló wá ń ká àwọn èèyàn lára? Àwọn míì ní irọ́ gbuu ni. Irú àríyànjiyàn yìí kì í tán nílẹ̀, nítorí pé ẹ̀rín la máa ń fi wọ̀n ọ́n. Bóyá nǹkan pani lẹ́rìn-ín kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: tó bá yíwọ́, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Ṣé onítọ̀hún mọ̀ pé òun wà nínú eré náà? Ṣé wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi í sí i?

Ìpolówó, àrà, àti èyí tó fara pa mọ́

Ìpolówó tí gbogbo wa mọ̀ kò díjú. Ilé-iṣẹ́ sanwó fún àyè nínú ìwé ìròyìn, lórí rédíò, lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí lójú fóònù yín, ó sì sọ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé òun ló ń sọ̀rọ̀, ẹ sì mọ̀ pé ọjà ló fẹ́ tà.

Àrà ìpolówó yàtọ̀ díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kì í ra àyè níbẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó dá àrà kan tó yani lẹ́nu débi pé àwọn oníròyìn á gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn á sì máa fi ránṣẹ́ síra wọn. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn fúnra rẹ̀. Ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France bẹ̀rẹ̀ báyìí lọ́dún 1903: ìwé ìròyìn L'Auto ló dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kí ìwé rẹ̀ lè tà. Kò pa ara rẹ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ló forúkọ sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ wòran sì jáde wá wò ó.

Ẹ̀kẹta ni mo kà sí èyí tó léwu jù, ìyẹn àrà tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ kankan wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ àjíǹde ọdún 1929, àwọn obìnrin kan ń rìn lọ ní Fifth Avenue ní New York, wọ́n ṣáná sí sìgá lójú gbogbo èèyàn, wọ́n sì pè é ní "ògùṣọ̀ òmìnira". Nígbà yẹn, ẹ̀gàn ni kí obìnrin máa fa sìgá ní gbangba. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e bí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ ni Edward Bernays, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ń ti ọwọ́ American Tobacco wá, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sìgá Lucky Strike. Ẹni tó ka ìròyìn náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì kò mọ èyí. Ó rò pé àwọn obìnrin dìde fúnra wọn ni.

Lọ́dún 2002, Sony Ericsson háyà nǹkan bí 60 òṣèré ní ìlú mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń ṣe bí arìnrìn-àjò, wọ́n á na fóònù T68i sí ẹni tó ń kọjá lọ pé kó jọ̀ọ́ kó bá àwọn ya fọ́tò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fóònù yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì á ní kò sẹ́ni tó farapa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ná kì í ṣe tiwọn: inú rere tó ń jẹ́ kí èèyàn dúró ran àjèjì lọ́wọ́ ni. Bí àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo àjèjì tó bá na fóònù sí wọn, arìnrìn-àjò gidi ni yóò jìyà rẹ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà. Lọ́dún 2006, ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ tún jáde nípa Walmart. Tọkọtaya kan ń wa ọkọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n ń sùn ní ibi ìgbọ́kọ̀sí àwọn ilé ìtajà Walmart, wọ́n sì ń kọ ìrírí wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tó yá ni àṣírí tú pé ẹgbẹ́ kan tí Walmart ń náwó sí ló ń gbọ́ bùkátà ìrìn náà. Edelman, ilé-iṣẹ́ tó bá Walmart ṣètò rẹ̀, tọrọ àforíjì.

Òfin ti wá mú irú èyí báyìí. Ní Amẹ́ríkà, FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní ẹnikẹ́ni tó bá gba owó, ọjà tàbí àǹfààní mìíràn láti yin ọjà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síbi tí ojú ti lè tó o. Òfin àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ṣe lọ́dún 2005, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2005/29, ní àtẹ àwọn ìwà tí kò ní àwáwí kankan. Méjì lára wọn ni kí ilé-iṣẹ́ sanwó fún ìròyìn láìsọ pé òun ló sanwó, àti kí oníṣòwò díbọ́n bí oníbàárà.

Èrè tí wọ́n ń pariwo rẹ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1996, Taco Bell, ilé-iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ, gbé ìpolówó jáde nínú àwọn ìwé ìròyìn ńlá Amẹ́ríkà pé òun ti ra Liberty Bell, agogo ìtàn tó wà ní Philadelphia, láti fi dín gbèsè orílẹ̀-èdè kù, àti pé orúkọ rẹ̀ ti di "Taco Liberty Bell". Títí di òní, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ pé ìròyìn ọ̀fẹ́ tí wọ́n rí nídìí rẹ̀ tó mílíọ̀nù 25 dọ́là.

Ẹ ṣọ́ra fún irú iye yìí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣírò rẹ̀ nìyí: wọ́n á wọn àyè tí ìròyìn gbà nínú ìwé tàbí ìṣẹ́jú tó gbà lórí afẹ́fẹ́, wọ́n á wo iye tí ìpolówó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ì bá ná wọn, wọ́n á sì pe owó náà ní èrè. Àwọn kan tún máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n ní àwọn èèyàn gba ìròyìn gbọ́ ju ìpolówó lọ. Àléébù rẹ̀ pọ̀. Ìròyìn tó ń bú ilé-iṣẹ́ náà gba àyè kan náà pẹ̀lú èyí tó ń yìn ín, ìṣirò náà kì í sì í yọ ọ́ kúrò. Kò sọ iye ẹni tó rà á. Lọ́dún 2010, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an pàdé ní Barcelona, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìlànà wọn pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, ẹ ṣì máa ń rí i nínú ìròyìn. Mo ń sọ èyí nítorí pé iye ńlá tí kò nídìí yẹn ni ọ̀gá máa ń rí kó tó fọwọ́ sí ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ sí.

Ẹ wá gbé Taco Bell àti Volkswagen sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn Amẹ́ríkà mọ̀ sí ọjọ́ ẹ̀fẹ̀ ni Taco Bell ṣe tirẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ó ti jẹ́wọ́, ó sì fi 50,000 dọ́là sílẹ̀ fún ìtọ́jú agogo náà. Àwọn tó jìyà rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú agogo náà, tí wọ́n fi òwúrọ̀ gbọ́ èébú lórí tẹlifóònù nítorí ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fún wọn, ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún wọn ṣáájú.

Volkswagen ní tirẹ̀ ṣe é ṣáájú ọjọ́ ẹ̀fẹ̀. Ó purọ́ fún akọ̀ròyìn tó bi í léèrè lójúkojú, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé e. Ìpín rẹ̀ ń lọ lọ́jà, ẹni tó rà á nígbà tó gòkè fi owó gidi rà á. Ìdí tún wà tí àwọn èèyàn ò fi rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2015 ni àṣírí tú pé ilé-iṣẹ́ kan náà fi ètò kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ oní-díísù rẹ̀ láti yí àyẹ̀wò èéfín po. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn kárí ayé. Ẹni tí irọ́ ti bà lórúkọ jẹ́ kò yẹ kó fi irọ́ polówó, pàápàá lórí ọkọ̀ tó ní òun fi ń tún orúkọ náà ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó, àti ibi tó ti máa ń já

Àrà tó dáa máa ń ṣeé sọ ní gbólóhùn kan, ó sì máa ń ní àwòrán kan tí akọ̀ròyìn lè lò láìsí àlàyé púpọ̀. Ìyẹn ni àwọn tó ń ṣe é máa ń fi gbogbo agbára lé. Ìyókù ni wọn kì í fẹ́ràn: ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ tàbí afárá, ìwé adójútòfò, lẹ́tà sí ọlọ́pàá àti panápaná, agbẹjọ́rò tó máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àti wákàtí tí wọ́n máa jẹ́wọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Nǹkan tí wọ́n bá fò nínú ìyẹn ló sábà máa ń bú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ wo Boston ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2007. Turner Broadcasting, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, fẹ́ polówó eré àwòrán kan, ilé-iṣẹ́ tó bá a ṣiṣẹ́ sì gbé pátákó kéékèèké sí ìlú mẹ́wàá. Pátákó náà jẹ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ tó ní gílóòbù wínníwínní, wáyà tó hàn síta, àti bátìrì. Wọ́n so àwọn kan mọ́ abẹ́ afárá ọ̀nà ńlá. Ẹni tó rí i pe ọlọ́pàá. Ẹ fojú inú wò ó: bátìrì, wáyà, abẹ́ afárá, kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Wọ́n ti ọ̀nà, wọ́n ti afárá, wọ́n dá ọkọ̀ dúró lórí odò Charles, wákàtí bíi mélòó kan sì kọjá kí ilé-iṣẹ́ náà tó sọ pé tòun ni. Turner àti alágbàṣe rẹ̀ san mílíọ̀nù 2 dọ́là, ọ̀gá ẹ̀ka tó ni eré náà sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìlẹ̀mọ́ kékeré tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù, pẹ̀lú lẹ́tà kan sí ọlọ́pàá, ì bá ti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ máa ń gbà pé tí àwọn bá kọ orúkọ sí i, adùn rẹ̀ ti lọ.

Àìdán an wò náà tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2005, Snapple, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu, gbé yìnyín aládùn orí igi tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 17 lọ wá sí New York, ó fẹ́ gbé e nàró kó lè gba ipò àkọ́kọ́ ní àgbáyé. Oòrùn yọ́ ọ kí wọ́n tó gbé e dé òró, omi dídùn alálẹ̀mọ́ ṣàn bo títì, panápaná ló fi omi fọ̀ ọ́. Ìyẹn dùn ún rẹ́rìn-ín sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ará ìlú ni wọ́n fi nu ún. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Texas ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1896 kò ṣeé rẹ́rìn-ín sí. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan tí wọ́n ń pè ní Katy kó nǹkan bí 40,000 ènìyàn jọ wá wo bí ọkọ̀ ojú irin méjì ṣe máa forí sọra. Wọ́n ti fọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ pé ìkòkò tó ń hó omi nínú ẹ́ńjìnnì kò ní bú. Méjèèjì bú. Irin fò lọ bá àwọn òǹwòran, ó kéré tán ènìyàn méjì kú.

Ẹni tó gbà àti ẹni tí wọn ò bi

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2012, Felix Baumgartner, ọmọ ilẹ̀ Austria, fi páráṣúùtì bẹ́ láti inú bálúùnù lókè tó tó kìlómítà 39, lórí owó Red Bull. Kò sí iyè méjì pé ó léwu. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: ó ti bẹ́ láti nǹkan bíi kìlómítà 22 ní oṣù kẹta ọdún náà, ó sì tún bẹ́ láti nǹkan bíi 30 ní oṣù keje. Joe Kittinger, tó ti bẹ́ irú rẹ̀ lọ́dún 1960, wà lára àwọn olùdámọ̀ràn. Nígbà tí atẹ́gùn le ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, wọ́n fagi lé e lójú gbogbo ayé. Ẹni tí ewu wà lórí rẹ̀ mọ ewu náà ju àwọn tó ń náwó sí i lọ, agbègbè tí èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí ni wọ́n sì ti ṣe é.

Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Sacramento ní Amẹ́ríkà ṣe ìdíje kan: ẹni tó bá mu omi jù láìtọ̀ ni yóò gba ẹ̀rọ géèmù. Omi àmujù máa ń dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù, ọpọlọ á wú, ó sì lè pani. Nígbà tí ètò náà ń lọ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì kan pè wọ́n láti kìlọ̀ fún wọn. Wọn ò dá a dúró. Ìyá ọlọ́mọ kan kú lọ́jọ́ náà, lọ́dún 2009 sì ni ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kí wọ́n san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 16 dọ́là fún ìdílé rẹ̀. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó yọ̀ǹda fún. Ẹni tó gbé ìdíje kalẹ̀ ló yẹ kó ti bi dókítà.

Èyí tí Burger King, ilé-iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ, ṣe lọ́dún 2017 kò pa ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ibi kan náà ló ti ṣẹ̀. Ìpolówó oníṣẹ́jú àáyá 15 parí pẹ̀lú ìbéèrè kan tó ń jí Google Home, ẹ̀rọ tó ń dáhùn tó bá gbọ́ ohùn, tó wà nínú yàrá àwọn èèyàn, kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka àlàyé nípa búrẹ́dì onẹ́ran wọn láti Wikipedia. Àwọn èèyàn yára lọ kọ ìkọkúkọ sí ojú ìwé náà. Láàárín wákàtí díẹ̀, Google ti dí i. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ìpolówó náà gba ẹ̀bùn tó ga jù ní ẹ̀ka rẹ̀ ní ìdíje ìpolówó tí wọ́n ń ṣe ní Cannes lọ́dún yẹn. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ náà bá ń fi ẹ̀bùn yin ẹni tó wọlé onílé láìkànlẹ̀kùn, kí ló máa dá ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró?

Nígbà tí àrà bá di ìlérí

Àwọn ará Philippines ló jìyà èyí tó burú jù. Lọ́dún 1992, Pepsi tẹ nọ́ńbà sí abẹ́ ìdérí ìgò, ó sì ń kéde nọ́ńbà tó jẹ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀bùn tó ga jù jẹ́ mílíọ̀nù kan pésò. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, wọ́n kéde 349. Ó yẹ kó jẹ́ ìdérí méjì péré ló ní ẹ̀bùn ńlá náà, àmọ́ wọ́n ti tẹ 349 sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdérí. Ilé-iṣẹ́ náà ní àmì ìdánilójú tó wà lára wọn kò bá tẹni tó jẹ mu. Ẹ gbé ara yín síbẹ̀: ìdérí wà lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà tí wọ́n kà wà lórí rẹ̀ gedegbe, wọ́n wá ní lẹ́tà wínníwínní kan ni kò bára mu. Wọ́n fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní 500 pésò, ó sì lé ní 480,000 ènìyàn tó gbà á. Àwọn tó kọ̀ jáde síta, wọ́n dáná sun ọkọ̀ Pepsi, wọ́n ju bọ́ǹbù, àwọn èèyàn kú. Lọ́dún 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá Pepsi láre.

Òfin lè dá ilé-iṣẹ́ láre kí ohun tó ṣe má sì tọ́. Nọ́ńbà tí ò yẹ kó jẹ kò yẹ kó sí nínú àwọn tí wọ́n lè kéde, ẹni tó ń tẹ ìdérí àti ẹni tó ń kéde sì gbọ́dọ̀ máa fi ìwé kan náà ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíì sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé tẹlifíṣọ̀n.

Àrà tó wọ aṣọ iṣẹ́ rere

Lóṣù kẹta ọdún 2017, ère ọmọdébìnrin kékeré kan tí wọ́n fi idẹ ṣe yọ ní New York, ó dúró dojú kọ ère akọ màlúù ńlá tó wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó àwọn olùdókòòwò, State Street Global Advisors, ló gbé e síbẹ̀ nígbà tó ku ọ̀la kó jẹ́ ọjọ́ àwọn obìnrin lágbàáyé. Àwọn òbí ń kó ọmọ wọn wá ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n pátákó kékeré kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń sọ nípa agbára obìnrin nípò aṣíwájú, ó sì kọ ọ̀rọ̀ "SHE" ní lẹ́tà ńlá. SHE yẹn ni orúkọ tí wọ́n fi ń ra ọ̀kan lára ọjà ilé-iṣẹ́ náà ní ọjà ìpín. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, State Street gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là láti fi parí ẹ̀sùn ìjọba Amẹ́ríkà pé ó ń san owó tó kéré fún àwọn ọ̀gá tó jẹ́ obìnrin àti àwọn ọ̀gá aláwọ̀ dúdú. Ó ní òun kò fara mọ́ ẹ̀sùn náà. Inú mi dùn sí ère náà, mi ò sì ní kí wọ́n wó o. Ṣùgbọ́n ìwé owó oṣù ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé irú ère bẹ́ẹ̀ kalẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ lè yẹ̀ wò

Tí ìròyìn àràmàǹdà bá jáde nípa ilé-iṣẹ́ kan, ẹ wo ọjọ́ tó jáde. Tí ilé-iṣẹ́ náà bá ní ìpín lọ́jà, ẹ wò ó bóyá ó ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àjọ tó ń rí sí ọjà ìpín. Ìyípadà ńlá gidi kì í wà lórí ìkànnì àjọlò nìkan. Tó bá jẹ́ ẹni tí kò jọ oníṣòwò ló ń yin ọjà, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó sọ pé wọ́n sanwó fún un, kódà kó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tó bá jẹ́ ìdíje, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ ka ìlànà rẹ̀ fún ohun mẹ́rin: iye ẹ̀bùn tó wà nílẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, ẹ̀rí tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jẹ, àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tó máa san án.

Tí wọ́n bá ti ṣe yín ní jàǹbá, ẹ ya àwòrán ìkéde náà pẹ̀lú ọjọ́ àti àdírẹ́sì ìkànnì rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, ẹ má sì fún wọn ní ìdérí, tíkẹ́ẹ̀tì tàbí rìsíìtì láìkọ́kọ́ ya fọ́tò tiyín. Ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń kọ̀wé sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ASA tó ń bójú tó ìpolówó lè ní kí wọ́n gbé e kúrò, ṣùgbọ́n kì í bu owó ìtanràn lé wọn. Ní Amẹ́ríkà, FTC lè gbé ilé-iṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ kì í gba ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan rò. Ó máa ń kó ẹ̀sùn jọ títí tí yóò fi rí i pé ìwà náà ti di àṣà ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kékeré lẹ pàdánù.